Ìsinmi Ìdílé ní Etí Òkun Àgbádárìgì: Ètò, Ẹ̀kọ́ àti Ààbò fún Àwọn Ọmọ Wa

Bí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ máa ń bi òbí wọn ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgandò: "Níbo ni a ó lọ?" Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé èrò Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀. Síbẹ̀, Alímọ̀ṣọ́ kò bá òkun pààlà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí tí a sì tọ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Èkó, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì fojú kan òkun rí bí kò ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ohun rere ni kí òbí mú ọmọ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kìlọ̀ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbéra lọ sí etí òkun pẹ̀lú kúlà oúnjẹ àti ohun èlò orin, láìní ètò kankan fún ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe. Ọmọ tí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní etí òkun, inú omi ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, kókó àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ètò tí yóò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ní etí òkun náà ni yóò dáàbò bò ó. Bí a bá mú un lọ láti wo òkun, láti wọ̀n ọ́n àti láti bi í ní ìbéèrè, kò ní sí ìdí fún un láti bá ìgbì jà.

Ìdí tí a fi yan Àgbádárìgì

Etí òkun pọ̀ ní Èkó. Bar Beach tí àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa kò sí mọ́. Orí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic. Elegushi àti Oniru wà ní ìhà Lẹ́kí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Alímọ̀ṣọ́ ní láti la gbogbo ìlú kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Tarkwa Bay ní omi tó rọ̀ díẹ̀, nítorí pé ó wà lẹ́yìn ògiri òkúta ẹnu ọ̀nà èbúté. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó sì ń dé ibẹ̀.

Ọ̀nà Àgbádárìgì ni ó tọ́ sí wa jù lọ. Láti Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, a ó gba Ìgandò, a ó tẹ̀lé ọ̀nà LASU gba Ìbà dé Ìyànà-Ìbà, a ó sì yà sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì láì fẹsẹ̀ kan Ọ̀ṣòdì tàbí Erékùṣù Èkó. Yàtọ̀ sí èyí, Àgbádárìgì ní ohun tí etí òkun mìíràn kò ní. Níbẹ̀ ni ìtàn òwò ẹrú àti ìtàn ìjọ Kristẹni ti pàdé ní ojú kan ṣoṣo, ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkun sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ

Láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta ni òkun máa ń rọ̀ díẹ̀, tí òjò kì í sì í pọ̀. Ìsinmi Kérésìmesì bọ́ sí àárín àkókò yìí. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án bọ́ sí ìgbà tí ìgbì máa ń ga tí ó sì máa ń lágbára. Bí ó bá jẹ́ ìgbà náà nìkan ni àyè gbà wá, ẹ jẹ́ kí ìlú àti ọ̀sà gba ọjọ́ tó pọ̀ jù, kí a sì wo òkun láti orí iyanrìn nìkan.

Ẹ má ṣe lọ ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tàbí ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èrò á pọ̀ débi pé òbí kì í rí ọmọ rẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ nínú ìsinmi sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìnáwó àti ọ̀nà

Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ni ó ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìrìn-àjò. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pawọ́ pọ̀ háyà bọ́ọ̀sì kan. Ohun mẹ́fà ni kí a kọ sílẹ̀ kí a tó gbéra: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó ìwọlé sí àwọn ibi ìtàn, owó afinimọ̀nà, owó ọkọ̀ ojú omi, owó oúnjẹ àti ibùsùn, àti owó tí a fi pamọ́ fún ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa san gbogbo rẹ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ọ̀nà ààlà Sẹ̀mẹ̀ náà ni ọ̀nà yìí, àwọn ọlọ́pàá, aṣọ́bodè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de sì máa ń dá ọkọ̀ dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí gbogbo àgbàlagbà mú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wà láàrin yín, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí.

Ọjọ́ kìíní: ìlú ni ilé-ẹ̀kọ́

Ọjọ́ méjì pẹ̀lú orun òru kan ni ó dára jù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká orun òru lè yan ọ̀kan nínú ọjọ́ méjèèjì yìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ibi igi Àgíà. Ní ọjọ́ 24, Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft. Ọmọ bàbá adúláwọ̀ àti ìyá Gẹ̀ẹ́sì ni Freeman. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ṣe ọdún Kérésìmesì. Igi Àgíà náà wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ọwọ̀n ìrántí wà ní ojú ibẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé abẹ́ igi ni ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ilé ńlá.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. kọ́ parí ní ọdún 1845. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ìtàn Samuel Ajayi Crowther. Nǹkan bí ọmọ ọdún 13 ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1845, ó padà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ yín tó wà ní kíláàsì JSS 2 ti tó ọjọ́ orí tí Àjàyí wà nígbà náà. Ẹ bi í pé: "Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni o kò ní gbàgbé?" Ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó dáhùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lọ sí àgbàlá Seriki Williams Abass. Ìtàn sọ pé wọ́n kó òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré, kí ó tó padà di oníṣòwò ẹrú ńlá. Ọdún 1919 ni ó kú. Àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin. Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì tó ọdún méje wọ ibẹ̀. Kí àgbàlagbà kan mú wọn lọ wo ọ̀sà ní àkókò náà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ẹ má sì ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé ṣé àwọn ènìyàn wa náà tà nínú ara wọn, òtítọ́ ni kí ẹ sọ fún un.

Ọjọ́ kejì: ọ̀sà, erékùṣù àti òkun

Láti èbúté Àgbádárìgì, ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù agbéniléfòó, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Kí ti ọmọdé jẹ́ ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ó sì di gbogbo okùn rẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní ti ọmọdé, tàbí tí ó ń kó èrò ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Ní erékùṣù náà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rin ọ̀nà oníyanrìn láàrin igi àgbọn dé etí òkun. Ọ̀nà yìí ni àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe òpin rẹ̀ ní ibi àlọ-àì-padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rìn ín láìpariwo. Tí ẹ bá dé etí òkun, kí ẹ̀kọ́ ojú òde bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ sí Gberefu lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní Suntan Beach. Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá mẹ́wàá, okùn àti ìgò òfìfo méjì ni ohun èlò tí a nílò.

Ẹ̀kọ́ kìíní, ìkún àti ìfà omi: Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí àgbàlagbà ri ọ̀pá kan mọ́ ibi tí ìgbì gòkè dé, kí àwọn ọmọ sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Wọn yóò rí i pé omi ń gòkè bọ̀ tàbí pé ó ń padà sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ó bá kún tán dé ìgbà tí ó bá fà tán jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Òṣùpá ni ó ń fa omi náà jù, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí omi fi máa ń gòkè jù nígbà òṣùpá tuntun àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ibi tí omi yóò ti ká a mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì, ìrìn-àjò iyanrìn: Kí àgbàlagbà ju èèpo àgbọn gbígbẹ kan sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Kí àwọn ọmọ máa rìn tẹ̀lé e lórí iyanrìn, kí wọ́n sì ka ìṣísẹ̀ wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìhà ìlà-oòrùn, níhà Èkó, ni ó sábà máa ń lọ, nítorí pé ìhà ibẹ̀ ni omi etí òkun wa ń ṣàn sí, ó sì ń gbé iyanrìn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ ògiri sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàrin ọdún 1908 sí 1912, ògiri náà dá iyanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn. Iyanrìn kò dé Bar Beach mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Nípa èèpo àgbọn kan, ọmọ yóò mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ṣe ní ibì kan lè ba ibòmíràn jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta, iyọ̀: Kí àgbàlagbà bu omi ọ̀sà sínú ìgò kan, kí ó sì bu omi òkun sínú èkejì. Kí àwọn ọmọ kọ orúkọ sí wọn lára. Tí ẹ bá délé, ẹ da ìwọ̀n kan náà sínú àwo méjì tó tẹ́, kí ẹ sá wọn sí oòrùn títí omi yóò fi gbẹ. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Àwo wo ni iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù? Kí ni ó fà á? Báyìí ni ìsinmi náà yóò ṣe bá yín dé Ìkọ̀tún.

Ẹ̀kọ́ kẹrin, àwọn ẹ̀dá: Akàn etí òkun máa ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, ó sì ń sáré lọ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ka iye ihò tó wà láàrin okùn tí ẹ fi yí ilẹ̀ kékeré kan ká. Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin lóru, pàápàá láti Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejì. Òfin Nàìjíríà dáàbò bò ó. Bí ẹ bá rí ipa rẹ̀, ẹ má ṣe wú ẹyin rẹ̀. Bí ọmọ bá rí ohun kan bíi bàlúùnù kékeré aláwọ̀ búlúù tó ní ìrù gígùn lórí iyanrìn, kí ó má fọwọ́ kàn án. Ìrù náà máa ń ta ènìyàn gan-an, kódà bí ẹ̀dá náà bá ti kú. Bí àwọn apẹja bá ń fa àwọ̀n, ẹ kí wọn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí àwọn ọmọ tó súnmọ́ wọn.

Ààbò: ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ kárí ayé ní ọdún 2021. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Òkun Àgbádárìgì jẹ́ òkun gbalasa. Kò sí ohun tó dí ìgbì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí òfin ìdílé jẹ́ báyìí: a kò ní lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Omi kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ, ọwọ́ àgbàlagbà sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òmùwẹ̀ ni í bá omi lọ.

Ohun tó ń pa ènìyàn jù ni ìṣàn omi tó ń fani lọ sí àárín òkun. Gbogbo omi tí ìgbì bá gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ padà, ojú ọ̀nà tóóró kan ni ó sì máa ń gbà. Ojú ọ̀nà náà máa ń dákẹ́, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú díẹ̀, ìgbì kì í sì í fọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ibẹ̀ ni ó rọ̀ jù. Bí ó bá gbé ènìyàn, kí ó má ṣe wẹ̀ lòdì sí i, agbára rẹ̀ yóò tán. Kí ó dùbúlẹ̀ lé omi lórí, kí ó nawọ́ sókè, kí ó sì wẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú etíkun títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ẹ yan olùṣọ́ omi. Àgbàlagbà kan ni, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹlòmíràn tó gbà á. Kò gbọdọ̀ di fóònù mú, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í sábà pariwo. Ojú ni a fi ń rí i, kì í ṣe etí. Kí ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà ní àgbàlagbà tirẹ̀. Kí àgbàlagbà kan sì bójú tó ọmọ mẹ́ta péré nínú àwọn tó jù wọ́n lọ. Ẹ wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tàbí pupa fún wọn, nítorí aṣọ búlúù àti funfun kì í hàn lójú omi. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù òbí sórí ohun tí a so mọ́ ọwọ́ wọn. Bàtà, fìlà àti omi mímu kò gbọdọ̀ wọ́n, ẹ sì wà lábẹ́ ibòji láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Bí omi bá ń gbé ẹnì kan lọ, ẹ má ṣe bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti pàdánù ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ́nà yìí. Ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i: kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé dáadáa, kúlà, tàbí okùn gígùn. Kí ẹnì kan sáré pe àwọn apẹja, kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ti Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí a bá fà á jáde tí kò sì mí, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì ṣe tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi lè jáde. Àkókò ni a ń fi ṣòfò. Ẹ tẹ́ ẹ lẹ́yìn balẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá ní ìgbà 30, kí ẹ tún fẹ́ èémí sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kódà bí ó bá jí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn àlùfáà àti olùkọ́ ọmọdé

Bí ẹgbẹ́ ọmọdé ìjọ bá fẹ́ lọ sí etí òkun, ẹ má ṣe kéde rẹ̀ kí ẹ tó ka iye àgbàlagbà tó lè lọ. Bí àgbàlagbà kò bá pọ̀ tó, ẹ dín iye ọmọ kù tàbí kí ẹ fi òkun sílẹ̀, kí ìlú àti ilé ìtàn tó. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ pe nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ kí ó kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń fẹ́ èémí àti bí a ti ń tẹ àyà. Àdúrà ìrìn-àjò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò rọ́pò olùṣọ́ omi.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ka orí àwọn ọmọ, ẹ di ẹrù yín, ẹ gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sí ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ fún ìdílé. Òkun tó gbé ọmọdékùnrin Òṣogùn lọ ni ó tún gbé e padà wá ní àlùfáà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa rí òkun náà, kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Kí Olúwa kó wa lọ, kí ó sì kó wa bọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.